Ìṣẹ́jú Méjì Àṣá Irin

Yìnyín ti mu ẹnu ọ̀nà dé orúnkún
ní òpópónà Kinnickinnic, ní Milwaukee,
síbẹ̀ wọ́n wá.
Dorota gbé ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán lé orí àpótí ìwé àwòrán,
ó ní, "Aago méje ni wọ́n dá. Ẹ bọ́ bàtà yín, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nulẹ̀ ni."

Ọdún mẹ́rìnlá la ti ń retí Àṣá Irin,
láti ìgbà tí wọ́n ti fi ikú yẹpẹrẹ pa á nínú fíìmù kẹta,
tí Wendell Krueger sì búra pé òun ò wọ ilé sinimá mọ́.
Ẹ̀yìn pátápátá ló dúró sí lálẹ́ yìí,
ẹni tó fi ọgbọ̀n ọdún pín lẹ́tà káàkiri àdúgbò,
nínú ẹ̀wù pupa tí ihò rẹ̀ ju òwú rẹ̀ lọ.
Bọ́mọdé láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà:
tuntun ni ti àwọn ọ̀dọ́ tó jókòó sílẹ̀,
ìwé iye owó ṣì ń mì lọ́rùn Thaddeus.

Òkùnkùn.
Òjò lórí páànù.
Ọwọ́ kan fa akoro yọ nínú ẹrẹ̀.
"Òun nìyẹn!" Thaddeus ti kígbe kí ojú tó hàn,
ẹnìkan ní kó panu mọ́.
Ìlú ń jó, afárá ń já bí okùn bàtà,
ó wá jáde sójú ọ̀run,
aṣọ ẹ̀yìn rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́,

"Eérú! Wọ́n ti fi eérú pa á láró!
Pupa wa dà?"
Ariwo sọ. Ẹni tó ń bú olùdarí ń bú u,
ẹni tó ń sunkún ayọ̀ ń fi ìbọ̀wọ́ nu imú.
Mai Yer Xiong, nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́,
ní, "Ẹni tó ń ti inú iná bọ̀,
àwọ̀ wo lẹ fẹ́ kó ní?"

"Kò súfèé."
Wendell ni. Ohùn jẹ́jẹ́.
Àṣá àtijọ́ máa ń súfèé kó tó fò,
bí ẹni ń pe ajá rẹ̀ wálé.
Òun àti Elmer, àbúrò rẹ̀, súfèé náà lórí òrùlé gáréèjì,
Elmer sì fò.
Apá dá. Ó ń rẹ́rìn-ín.
Elmer ti wà nílẹ̀ báyìí, létí adágún Michigan.
"Wọ́n lè gba pupa. Kí ni súfèé ṣe fún wọn?"

A ò tíì rí èsì fún un
tí Rosalba, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ní, "Ẹ dá a padà."
Mo dá a padà.
"Rárá, ibi tó ti balẹ̀. Níbẹ̀."
Àṣá balẹ̀ lórí òrùlé. Ó gbé ẹsẹ̀ kan,
ó wọ́ ìkejì.
"Ó ń tiro," ni ọmọ náà wí,
irin ẹsẹ̀ tirẹ̀ dún bó ṣe ń dìde.
Àgbà méjìlá ń jà lórí aṣọ,
kò sẹ́ni tó wo ẹsẹ̀.

Thaddeus ní ọgbẹ́ lásán ni, yóò ti san kí fíìmù tó parí.
Dorota wò ó.
Ó tẹjú mọ́ ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀meje la wò ó.
Nígbà tó fi máa di ìkeje, Wendell ti dé iwájú, ó bẹ̀rẹ̀,
"Ẹsẹ̀ wo?"
"Tòsì."
Kò sọ pé ó dára o.
Kódà ó ní eérú náà ń rí i lára, ó wọ bàtà, ó lọ.

Mo gbọ́ ọ níta,
súfèé aláìléyín, afẹ́fẹ́ ju orin lọ.
Rosalba sáré sójú fèrèsé láti dáhùn.
Kò mọ̀ ọ́n ṣe. Ó kàn ń tu itọ́ sára gíláàsì.
Oṣù Keje ni fíìmù yóò jáde.